Pípín Ẹ̀dá sí Ìsọ̀rí Kì í Ṣe Ọgbọ́n Aláìgbàgbọ́

"Kọ ohun tí WAEC fẹ́, kí o gba máàkì rẹ, ṣùgbọ́n má gbà á gbọ́." Ìmọ̀ràn tí àwọn ọmọ wa tí ń kọ́ bayọ́lọ́jì ń gbà nìyẹn ní Barakallahu níbí, ní Kaduna, lẹ́nu olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, lẹ́nu òbí, nígbà mìíràn láti orí pẹpẹ gan-an. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń torí rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀ ni èyí tó ń ṣàlàyé bí a ṣe ń pín ohun abẹ̀mí sí ìsọ̀rí: ẹranko tí ń fún ọmọ lọ́mú lọ́tọ̀, ẹyẹ lọ́tọ̀, ejò àti alángbá lọ́tọ̀, tí ènìyàn sì wà ní ìsọ̀rí kan náà pẹ̀lú ọ̀bọ àti ìnàkí. Wọ́n ní Ọlọ́run ti pín ẹ̀dá tán nínú Jẹ́nẹ́sísì; ìpín yòówù tí ọmọ aráyé bá tún ṣe lẹ́yìn ìyẹn, ọgbọ́n aláìgbàgbọ́ ni, Darwin ló hùmọ̀ rẹ̀ kí a lè gbàgbé Ẹlẹ́dàá.

Èrò yìí ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ láàrin wa débi pé ẹni tó bá ta kò ó, wọn yóò ní ó ti ń padà sẹ́yìn. Kristẹni ni mí. Inú ìgbàgbọ́ náà ni mo dúró sí tí mo fi ń sọ pé èrò yìí parọ́ mọ́ ìtàn, ó parọ́ mọ́ Bíbélì, ó sì ń ṣe àwọn ọmọ wa ní jàǹbá.

Jàǹbá náà ni n ó fi ṣáájú. Ọmọ tí a ní kó kọ ohun tí kò gbà sílẹ̀ nítorí máàkì, irọ́ pípa la kọ́ ọ, orúkọ Jésù la sì fi kọ́ ọ. Yóò wọ yunifásítì, bóyá Ahmadu Bello ní Zaria tí kò jìnnà sí wa. Yóò di ewé mú, yóò la ikùn ọ̀pọ̀lọ́, yóò fi maikirosikópù wo ẹ̀jẹ̀, yóò sì rí i pé bí ìwé ti wí ló rí. Lọ́jọ́ náà, ohun tí yóò máa bi ara rẹ̀ ni pé, bí ìjọ bá lè ṣì mí lọ́nà lórí ọ̀rọ̀ àdán, kí ló dé tí mo fi gba ohun tí wọ́n sọ fún mi nípa àjíǹde? Augustine, ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà tó jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù ní Hippo, ní ilẹ̀ Àlùjíríà òde òní, ti kìlọ̀ fún àwọn Kristẹni ìgbà tirẹ̀ ní nǹkan bí 1,600 ọdún sẹ́yìn. Ó ní bí Kristẹni bá ń sọ ìsọkúsọ nípa ìràwọ̀, ẹranko àti igi lójú aláìgbàgbọ́ tó mọ̀ wọ́n dunjú, Ìwé Mímọ́ ni ìtìjú náà yóò bà lé. Ìkìlọ̀ náà kò tíì di ti àtijọ́.

Àdán ni ẹ̀rí tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ fà yọ. Léfítíkù orí 11 ka àwọn ẹyẹ tí Ísírẹ́lì kò gbọdọ̀ jẹ, ó sì ka àdán mọ́ wọn. Ìwé bayọ́lọ́jì ní àdán kì í ṣe ẹyẹ. Wọ́n á wá bi ọmọ náà pé ta ni yóò gbà gbọ́, Mósè ni àbí òyìnbó? Ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú ìyẹn ni pé, kí ni Mósè ń fi ìwé yẹn ṣe? Ohun tí Ísírẹ́lì lè jẹ àti ohun tí kò gbọdọ̀ kan ẹnu rẹ̀ ló ń kà sílẹ̀. Ìyá tó ń tajà ní ọjà Kawo lè kó irú, ẹja gbígbẹ àti iyọ̀ sórí àtẹ kan, kì í ṣe pé wọ́n bára wọn tan. Inú ìkòkò ọbẹ̀ ni wọ́n ti ń pàdé. Bẹ́ẹ̀ ni Léfítíkù ṣe kó ohun tó ń fò pọ̀, tó kó ohun tó wà nínú omi pọ̀, tó kó ohun tó ń rákò pọ̀. Àdán ń fò lóòótọ́. Mósè kò sọ níbì kankan pé ó ń yé ẹyin.

Àwọn bàbá wa náà ní ìpín tiwọn: eku, ẹja, ẹyẹ, ẹran. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹ̀dá bí àdán, wọ́n dúró, wọ́n ní àjàò kò ṣeku, kò ṣẹyẹ. Wọ́n ti rí i pé irun ló wà lára rẹ̀, pé ó ní eyín, pé ó ń fún ọmọ lọ́mú, wọn kò sì purọ́ fún ojú ara wọn. Carl Linnaeus, ẹni tí gbogbo ayé ń tẹ̀ lé ìlànà rẹ̀ títí dòní, ṣe àṣìṣe tirẹ̀ lórí àdán: ní 1758, ìsọ̀rí kan náà pẹ̀lú ènìyàn àti ọ̀bọ ló fi í sí. Ní 1735, ó ti ka àbùùbùtán mọ́ ẹja. Ní 1758 kan náà ló yọ ọ́ kúrò láàrin ẹja tó sì kà á mọ́ àwọn tí ń fún ọmọ lọ́mú. Àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀ yọ àdán kúrò níbi tó fi í sí. Ìpín tí ènìyàn ṣe, ènìyàn lè tún un ṣe, nítorí àtẹ náà tiwa ni, ẹ̀dá orí rẹ̀ ni ti Ọlọ́run. Ẹni tó bá sọ Léfítíkù di ìwé bayọ́lọ́jì, ẹrù tí Mósè kò rù ló gbé lé Mósè lórí.

Ẹ̀rí kejì wúwo ju èyí lọ. Jẹ́nẹ́sísì orí 1 ní ewéko àti ẹranko jáde ní irú tiwọn. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti fò dé orí pé gbogbo ẹ̀yà tó wà láyé lónìí, bó ṣe wà lọ́jọ́ kìíní ló ṣì wà, kò sí èyí tó yí padà, kò sì sí tuntun. Ẹ ka orí náà tán. Kò ka iye irú náà fún wa, kò sì sọ ibi tí irú kan parí sí tí òmíràn ti bẹ̀rẹ̀. Níbo wá ni ẹ̀kọ́ náà ti wá?

Lọ́wọ́ àwọn onímọ̀ Kristẹni kan ló ti wá, kì í ṣe lọ́wọ́ wòlíì. John Ray, ọmọ alágbẹ̀dẹ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, jẹ́ àlùfáà. Ní 1662 ó fi ipò rẹ̀ sílẹ̀ ní Cambridge nítorí kò fẹ́ búra lòdì sí ẹ̀rí-ọkàn rẹ̀. Ní 1686, nínú ìwé ńlá rẹ̀ lórí ewéko, ó wá òṣùwọ̀n kan: ohun tó bá hù láti inú irúgbìn kan náà, ẹ̀yà kan ni, bó ti wù kí ìrísí rẹ̀ yàtọ̀ tó. Ìwé tó tún kọ ní 1691 dá lórí ọgbọ́n Ọlọ́run tó hàn nínú iṣẹ́ ìṣẹ̀dá. Linnaeus tẹ̀ lé e, ọmọ pásítọ̀ ìjọ Lutheran ní ilẹ̀ Sweden, tí wọ́n bí ní 1707, tí bàbá rẹ̀ fẹ́ kó di àlùfáà. Nígbà tó tẹ Systema Naturae jáde ní 1735, ìwé tí ojú ewé rẹ̀ kò pé 15, ibẹ̀ ló ti kọ ọ́ pé ẹ̀yà tuntun kì í jáde mọ́. Gbólóhùn inú ìwé yẹn ni àwọn ènìyàn wa ń pè ní Bíbélì.

Ohun tó tún ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ni wọn kì í sọ. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Uppsala rí ewéko kan tó wá dé ọ̀dọ̀ Linnaeus. Ewé àti igi rẹ̀ jẹ́ ti ewéko tí gbogbo ènìyàn mọ̀, ṣùgbọ́n òdòdó orí rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá. Ọkàn rẹ̀ dàrú. Ó kọ̀wé lé e lórí ní 1744, ó pè é ní Peloria, kò sì fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ mọ́. Nígbà tó fi dàgbà, ohun tó ń rò ni pé ó ṣeé ṣe kí Ọlọ́run dá ìwọ̀nba díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, kí àwọn yòókù sì ti ara wọn jáde nípa àdàlù. Nínú ẹ̀dà ìwé rẹ̀ ti 1766, gbólóhùn pé ẹ̀yà tuntun kì í jáde ti kúrò. Ẹni tó fi ẹ̀kọ́ náà lélẹ̀ ti jáwọ́ nínú rẹ̀ ní ohun tó lé ní 250 ọdún sẹ́yìn, àwa sì ń gbèjà rẹ̀ ní Kaduna bí ẹni pé láti orí òkè Sínáì ló ti sọ̀ kalẹ̀.

Àwọn kan wà láàrin àwọn tó ń kọ́ni bẹ́ẹ̀ tí wọ́n kàwé jù wọ́n lọ. Àwọn wọ̀nyí ní irú tí Jẹ́nẹ́sísì wí tóbi ju ẹ̀yà lọ. Frank Marsh, ọmọ ìjọ Adventist ní Amẹ́ríkà, ló fún un lórúkọ ní 1941, tó pè é ní baramin. Wọ́n ní kìnnìún, ẹkùn àti ológbò, irú kan ni. Takọ-tabo kan ló ti inú ọkọ̀ Nóà jáde, tí gbogbo wọn sì ti ara rẹ̀ ṣẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn nítorí wọ́n gbìyànjú láti dáhùn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọ́n gbà láìmọ̀. Láàrin ẹgbẹ̀rún ọdún mélòó kan péré, takọ-tabo kan bí kìnnìún, ó bí ẹkùn, ó bí ológbò tó ń sùn lábẹ́ tábìlì wa. Darwin kò béèrè pé kí àyípadà yára tó bẹ́ẹ̀ rí. Bí èyí bá bá Bíbélì mu, kí ló kù tí a fi ń sọ fún ọmọ SS2 pé ẹni tó bá ní ẹ̀yà ń yí padà ti sọ̀rọ̀ òdì?

Jẹ́nẹ́sísì orí 2 wà níbẹ̀ tí a kì í fi ń wàásù. Kí ẹ̀ṣẹ̀ tó wọ ayé, kí Éfà tó dé, Ọlọ́run kó ẹranko àti ẹyẹ wá sọ́dọ̀ Ádámù láti wo orúkọ tí yóò sọ wọ́n. Kò pe orúkọ náà sí i létí. Ó dúró, Ó ń wò ó. Iṣẹ́ kí a wo ẹ̀dá ní àwòfín, kí a mọ èyí yà sí ìyẹn, kí a sì fún un lórúkọ, kò sí iṣẹ́ tí ènìyàn fi ọpọlọ ṣe tó ṣáájú rẹ̀ nínú Bíbélì. Ìwé Àwọn Ọba Kìíní, orí 4, tún kà á mọ́ ọgbọ́n Sólómọ́nì pé ó sọ̀rọ̀ nípa igi, láti kédárì títí dé hísópù ara ògiri, àti nípa ẹranko, ẹyẹ, ohun tí ń rákò àti ẹja. Sólómọ́nì ń ṣe bayọ́lọ́jì, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ fún ìyìn rẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tàn yín pé ọ̀rọ̀ òyìnbó nìkan ni pípín ẹ̀dá sí ìsọ̀rí. Ní 1857, ọkọ̀ Dayspring gun odò Ọya lábẹ́ Baikie tó ń darí ìrìn àjò náà. Samuel Ajayi Crowther wà nínú rẹ̀ nítorí ìhìnrere. Charles Barter wà nínú rẹ̀ nítorí ewéko. Ọkọ̀ náà fọ́ nítòsí Jẹ́bà. Barter ń ká ewé ní ilẹ̀ Núpé, ó ń sá wọn gbẹ, ó ń fi wọ́n ránṣẹ́ sí ọgbà ewéko Kew ní Lọ́ńdọ̀nù, títí ikú fi pa á ní Rabba ní 1859. Àwọn igi kan ń jẹ́ Barteria ní ìrántí rẹ̀. Ọkọ̀ kan náà ló gbé ẹni tó fún wa ní Bíbélì Yorùbá àti ẹni tó ń pín ewéko wa sí ìsọ̀rí. Ní 1984, Gbile ní ilé-iṣẹ́ ìwádìí igbó ní Ìbàdàn kó orúkọ Yorùbá àwọn ewéko jọ sínú ìwé, ó sì fi orúkọ Látìn wọn tì wọ́n. Ní àdúgbò bíi Barakallahu, níbi tí Hausa, Gbagyi, Yorùbá, Ígbò àti àwọn ará gúúsù Kaduna ti ń gbé ojúlé tó kọjú síra wọn, èyí kì í ṣe nǹkan kékeré. Igi tí à ń pè ní igbá, tí a fi èso rẹ̀ ṣe irú, dorowa ni fún Hausa. Orúkọ rẹ̀ ní Látìn, Parkia biglobosa, kì í ṣe ti ẹnì kankan nínú wa, nítorí náà kò lè ṣì wá lọ́nà.

Ẹni tó bá rò pé àríyànjiyàn inú ìwé lásán ni èyí, kó rántí ibi tí a ń gbé. Létí àwọn odò tó ń sáré nílẹ̀ ọ̀dàn, kòkòrò dúdú kékeré kan, Simulium damnosum, máa ń jẹ ènìyàn, ó sì ń fi ìdin aràn kan sí wọn lára, títí ojú wọn yóò fi fọ́. Ọjọ́ pẹ́ tí wọ́n ti ń kà á sí kòkòrò kan ṣoṣo. Ní 1966, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Dunbar wo kúrómósómù inú ìdin rẹ̀, ó sì rí i pé ẹ̀yà mélòó kan tí ojú lásán kò lè dá mọ̀ ló fara pamọ́ sábẹ́ orúkọ kan. Ní 1975, òun àti Vajime, ọmọ Nàìjíríà, fi kúrómósómù ya ẹ̀yà mẹ́jọ sọ́tọ̀. Kí ni èyí kan afọ́jú? Ó kàn án gan-an. Kòkòrò ilẹ̀ ọ̀dàn àti ti inú igbó kì í gbé irú aràn kan náà káàkiri, èyí tó wà nílẹ̀ ọ̀dàn tiwa ló sì ń fọ́ni lójú jù. Ẹni tí kò mọ̀ wọ́n yà, odò tí kò yẹ ni yóò da oògùn sí.

Nílùú yìí kan náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adenike Abiose tó darí National Eye Centre àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán oògùn ivermectin wò ní àwọn abúlé ìpínlẹ̀ Kaduna. Àbájáde rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn Lancet ní 1993: lílò ó lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ń dín àrùn tó ń ba iṣan ojú jẹ́ kù. Oògùn yìí kan náà lè ṣe ọpọlọ ní jàǹbá bí aràn mìíràn, Loa loa, bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tó lò ó. Aràn méjì tí wọ́n bára wọn tan, oògùn kan, ó wo ọ̀kan sàn, ó lè sọ èkejì di ikú. Bí a bá ti kọ́ nọ́ọ̀sì láti kékeré pé ìyàtọ̀ ẹ̀yà jẹ́ asán tí a kàn ń kọ fún WAEC, báwo ni yóò ṣe fi ọkàn kọ́ èyí? Kaduna náà ni ilé-iṣẹ́ tó ń ṣèwádìí àrùn oorun wà, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 1947 fún gbogbo ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Nínú àwọn kòkòrò tó ń fa àrùn náà, èyí tí kò lè ran ènìyàn àti èyí tó ń pa ènìyàn rí bákan náà lábẹ́ maikirosikópù.

Wọn yóò ní mo ń yí kiri kí n má bàa kan Darwin. Mi ò sá fún un. Láti 1859 tí ìwé rẹ̀ jáde ni àwọn onímọ̀ ti ń ka ìpínsísọ̀rí bí ìtàn ìdílé: àwọn tó jọra, ìbátan ni wọ́n. Inú bí ọ̀pọ̀ nínú wa nítorí ìbátan pẹ̀lú ìnàkí. Ṣùgbọ́n erùpẹ̀ ni Bíbélì ní a fi mọ wá, kò sì sí ẹni tó ń bínú sí erùpẹ̀. Bí Ọlọ́run bá lè mú ilẹ̀ tí a ń tẹ̀ mọ́lẹ̀, kó sì fi àwòrán ara Rẹ̀ sí i, kí ni ìnàkí ní tí yóò dènà Rẹ̀? Ẹni tó bá sì ń fi igi ìdílé ẹ̀dá wàásù pé kò sí Ọlọ́run, òun náà ti kọjá ibi tí ẹ̀rí rẹ̀ dé. Agbárí àti kúrómósómù kò lè sọ ìyẹn.

Ibì kan wà tó yẹ kí Kristẹni ti bínú sí ìtàn ìpínsísọ̀rí, ibẹ̀ gan-an ni a kì í sì í bínú sí. Linnaeus pín ènìyàn sí mẹ́rin. Nínú ìwé rẹ̀ ti 1758, ó ní òfin ló ń darí ará Yúróòpù, ó sì ní ará Áfíríkà jẹ́ ọ̀lẹ, alárékérekè, ẹni tí ìfẹ́-inú ń tì síhìn-ín sọ́hùn-ún. Kò fi ẹsẹ̀ tẹ Áfíríkà rí. Ọmọ pásítọ̀ ni, ó sì yẹ kó rántí ohun tí Pọ́ọ̀lù sọ ní Áténì, nínú Ìṣe Àwọn Àpósítélì orí 17, pé láti ara ẹnì kan ni Ọlọ́run ti dá gbogbo orílẹ̀-èdè.

Louis Agassiz ló wá gbé e dé òpin. Ọmọ Switzerland ni, ó dé Amẹ́ríkà ní 1846, ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Harvard. Títí tó fi kú ní 1873 ló ń bá Darwin jà. Ó gbà pé Ọlọ́run dá ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kò sì sí èyí tó ń yí padà, ohun tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ wa gan-an. Ó tẹ̀ síwájú pé bẹ́ẹ̀ náà ni a dá ìran ènìyàn kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Ní 1850 ó kọ ọ́ pé ìtàn Ádámù kan àwọn aláwọ̀ funfun nìkan. Lọ́dún yẹn kan náà, ó ní kí wọ́n ya fọ́tò àwọn ẹrú ní South Carolina ní ìhòòhò, àwọn kan nínú wọn ọmọ bíbí ilẹ̀ Áfíríkà, kó lè fi wọ́n ṣe ẹ̀rí. Ní Harvard kan náà ni Asa Gray ń kọ́ni ní ìmọ̀ ewéko, Kristẹni olùfọkànsìn tí kò fi ìgbàgbọ́ rẹ̀ pamọ́. Òun ló gbèjà Darwin ní Amẹ́ríkà, òun náà ló dúró lé e pé orísun kan ni gbogbo ènìyàn ti wá. Nínú àwọn méjèèjì, èwo ló bá Pọ́ọ̀lù mu? Èyí tí a ó pè ní aláìgbàgbọ́ lórí pẹpẹ wa lónìí ni.

Ìlú tiwa mọ ohun tí pípín ènìyàn ń bí. Láti wàhálà ẹ̀sìn oṣù Kejì ọdún 2000 ni ọ̀pọ̀ ará Kaduna ti ń ṣí kúrò láàrin ara wọn, Kristẹni sí gúúsù odò, Mùsùlùmí sí àríwá, àwa tí a kù sí Barakallahu sì ń gbé láàrin ìyókù ìbẹ̀rù náà. Bayọ́lọ́jì òde òní ní ẹ̀yà kan ni wá, Homo sapiens, kò sí abẹ́ ẹ̀yà. Ìpín tó yẹ kí a fi ayọ̀ kọ́ ọmọ wa nìyẹn, kì í ṣe kí a ní kó kọ ọ́ fún máàkì.

Ohun tí mo ń fẹ́ lọ́wọ́ àwọn ìjọ wa kò pọ̀. Nọ́ọ̀sì, dókítà ẹranko àti olùkọ́ bayọ́lọ́jì ń bẹ nínú ọmọ ìjọ. Kí a fún wọn ní kíláàsì àwọn ọ̀dọ́ lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Kí wọ́n kó àwọn ọmọ náà jáde sábẹ́ dogonyaro àti mángòrò tó wà láyìíká ilé ìjọsìn, kí wọ́n ká ewé, kí wọ́n ya àwòrán rẹ̀, kí wọ́n wá orúkọ rẹ̀ rí ní Yorùbá, ní Hausa àti ní Látìn. Bí ọmọ kan bá sì béèrè nípa àdán, kí pásítọ̀ ṣí Léfítíkù orí 11 pẹ̀lú rẹ̀ láti ẹsẹ kìíní, kí wọ́n jọ kà á tán.